Ògiri Tí Ó Lanu

Ó ń kọ wá lóminú bí àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti ń wí pé alágbára kan ṣoṣo ni yóò tún ìlú ṣe. Ta ni ó ṣílẹ̀kùn fún Mussolini àti ẹgbẹ́ Fásíìsì ní Ítálì? Ọba fúnra rẹ̀ ni, ní ọdún 1922. Ní 1924, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pa Matteotti, aṣòfin tí ó tú àṣírí jàgídíjàgan ìbò. Ní 1926, wọ́n fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù. Ní 1931, wọ́n yẹgi fún Umar al-Mukhtar ní Líbíà, arúgbó olùkọ́ Kùránì tí ó kọ̀ láti sìn wọ́n. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí kò gba àtakò lónìí kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín lọ́la.