Ẹ yéé fẹ̀sùn kan ayé o, eruku ló ń pa kọ̀ǹpútà yín!

Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, bí ètè àwọn èèyàn ṣe ń bẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ń dákú láwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta. Oníbàárà á jókòó, á ní kí wọ́n bá òun tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Kí wọ́n tó dé ojú ewé kejì, kọ̀ǹpútà á kú pii. Wọ́n á tún un tàn, á tún kú. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù á káwọ́ lérí, á láwọn ayé ló ń ṣe òun. Ẹnjiníà ní tiẹ̀ á ní mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti jóná, kó lọ wówó ńlá wá. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sáyé ńbẹ̀, kò sí mọ́dábọ́ọ̀dù ńbẹ̀. Eruku ni!

Àpótí onírin tó wà lábẹ́ tábìlì, táwọn èèyàn ń pè ní CPU yẹn, òun kọ́ ni CPU. Ohun pẹlẹbẹ kékeré kan tó wà nínú ẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ronú fún kọ̀ǹpútà, ara ẹ̀ sì máa ń gbóná gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ lé e lórí, tí wọ́n sì fi fáànù sí i, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín irin náà kó ooru lọ. Bí eruku bá ti dí àárín irin yẹn pa, bí ìgbà téèyàn da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora lọ́sàn-án gangan ni. Tí ooru bá ti ń sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, CPU á kọ́kọ́ máa fà nílẹ̀. Tí ooru ò bá dínkù, á pa ara ẹ̀ kó má baà jóná. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá sinmi díẹ̀, á tún dáhùn.

Eruku ọyẹ́ ọ̀hún, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Chad, ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń gbéra. Ó kúná débi pé kò síhò tí kò lè gbà wọlé.

Bó ṣe yẹ kí atẹ́gùn rìn ni pé kí fáànù iwájú fà á wọlé, kí ti ẹ̀yìn tì í jáde. Ibi tí àṣírí wà rèé: bí èyí tó ń tì í jáde bá lágbára ju èyí tó ń fà á wọlé lọ, gbogbo ihò ara àpótí ni yóò máa fa eruku. Ṣùgbọ́n bí ti iwájú bá lágbára jù, tí asẹ́ sì wà lẹ́nu ẹ̀, ojú asẹ́ yẹn ni eruku máa kú sí, àwọn ihò tó kù á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ síta. Ọkọ̀ náà kúkú ní asẹ́ tó ń gba eruku fún ẹ́ńjìnnì.

Àwọn àgbà tó ṣe é pàápàá ti ṣì í rí. Lọ́dún 1995 tí iléeṣẹ́ Intel gbé ìlànà àpótí ATX jáde, wọ́n ní kí fáànù inú power supply máa fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé sára CPU. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó gba inú power supply kọjá ti gbóná kó tó débẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n yí i padà, ó wá ń fẹ́ síta.

Àwọn kan rò pé àwọn gbọ́n, wọ́n á ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí sílẹ̀, wọ́n á kọ fáànù onídùúró sí i. Ó lè tutù lónìí lóòótọ́, àmọ́ eruku ti ríbi wọlé fàlàlà nìyẹn. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Kí wọ́n gbé àpótí kúrò nílẹ̀, kí wọ́n má lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹni tí tiẹ̀ ò lásẹ́ lè fi ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó fẹ́lẹ́ bo ẹnu fáànù iwájú. Kò gbọ́dọ̀ lo fóòmù tó nípọn, torí atẹ́gùn ò ní lè kọjá. Lóṣooṣù lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n fọ asẹ́, kó gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì fi blóà fẹ́ inú àpótí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wáyà iná. Kí wọ́n fìka di fáànù mú kó má máa yí. Ṣùgbọ́n power supply, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tú u o! Iná ṣì máa ń wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ wáyà.

Kí ẹnikẹ́ni tó kówó mọ́dábọ́ọ̀dù sílẹ̀, kó ní kí ẹnjiníà ṣí àpótí náà lójú òun, kó fẹ́ eruku ẹ̀ dànù, kí wọ́n sì tàn án fún wákàtí kan. Tó bá tún kú, a jẹ́ pé àìsàn mìíràn ni. Tí kò bá kú, owó mọ́dábọ́ọ̀dù ti di owó iléèwé ọmọ nìyẹn.