Kì í ṣe gbogbo ariwo Valgrind ni ìjò

Lójú tèmi, àwa ọ̀dọ́ tí à ń kọ́ C àti GTK ní Ìkirè àti Àpòmù ń bẹ̀rù Valgrind ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kan á kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré, fèrèsé kan, bọ́tìnì kan, tí oníṣòwò dòdò Ìkirè lè fi ṣírò ọjà tó tà. Á gbé e fún Valgrind, ìyẹn á sì tú ìlà rẹpẹtẹ jáde pé mẹ́mórì ń jò. Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn! Ẹlòmíì á pa iṣẹ́ náà tì.

Ẹ wo àga tí a háyà fún ìnáwó. Bí ètò ṣe ń yá mẹ́mórì nìyẹn. Tí àga bá wà níta, tí ìwé tí a kọ ibi tó wà sí sì ti sọnù, "definitely lost" ni: kò sẹ́ni tó lè dá a padà mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá wà nínú yàrá tí a mọ̀, "still reachable" ni. GTK, Pango àti Fontconfig máa ń tọ́jú irú èyí dáadáa, kí wọ́n má baà tún máa wá fọ́ǹtì kan náà kiri. Bí ètò bá parí, Linux fúnra rẹ̀ á kó gbogbo àga rẹ̀. Kódà, àwọn tó ṣe GLib ń pèsè fáìlì tó ń sọ fún Valgrind pé kó dákẹ́ lórí irú wọn.

Ohun tó ń pọ̀ sí i ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ tẹ bọ́tìnì náà nígbà 10, ẹ pa ètò náà, ẹ ka iye "definitely lost". Ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà 100. Tí iye náà kò bá yí padà, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá fò sókè bí ìlọ́po 10, inú kóòdù bọ́tìnì yín ni wàhálà wà. Ẹ fi -g kọ́m̀páìlì, kí ẹ lo --leak-check=full; á tọ́ka sí ìlà tó yá a.

Ẹ kọ́kọ́ wo g_strdup_printf. Ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ tó bá dá padà, ẹ̀yin náà lẹ máa fi g_free tú u sílẹ̀.

Báìtì 40 lórí ọjà kan kò lè pa ẹnikẹ́ni o. Àwòrán ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Àwòrán tó fẹ̀ ní 1,000, tó ga ní 1,000, ní báìtì 4 fún ojú kọ̀ọ̀kan, gba nǹkan bíi 4MB. Tí a bá ń ṣí i tuntun fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan láìpe g_object_unref, oníbàárà 500 ti jẹ 2GB. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ti kú ní ọ̀sán gangan, pẹ̀lú gbogbo àkọsílẹ̀ tí a kò tíì tọ́jú.