"Fá a, Má Gbẹ́ ẹ": Ọ̀rọ̀-Ìṣe Wà ní Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì

Nínú ẹ̀ka wa, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ èdè-ìperí, orúkọ nìkan ni a máa ń wá. Kí ni ká pe gásíkẹ́ẹ̀tì? Kí ni ká pe tọ́bò? Èrò tèmi ni pé orúkọ kọ́ ni ìṣòro wa. Àwọn mẹkáníìkì ti sọ gásíkẹ́ẹ̀tì di Yorùbá tipẹ́: fáwẹ̀lì ti la àwọn kọ́ńsónáǹtì tó so pọ̀, òmíràn ti parí rẹ̀, ohùn sì ti jókòó lórí sílébù kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kò tíì kọ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe.

Ẹ wo iṣẹ́ kan péré: yíyọ gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀sọ́ọ̀sì tó ti lẹ̀ pinpin lára ọkọ̀ tó ní tọ́bò. Èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, kí tọ́bò lè ti atẹ́gùn púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, èéfín yẹn lè gbóná kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Bí irú ooru bẹ́ẹ̀ àti ìpẹtà bá ti bá gásíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́ọ̀tù fún ọdún mélòó kan, wọn kì í fẹ́ kúrò mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn tí mo ti ń gba ohùn sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ọ̀gá kì í sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé "yọ ọ́" lásán. Nọ́ọ̀tù kò le, ó gan. "Rọ epo sí i, jẹ́ kó mu ún." Tó bá ti mu ún: "Dì í díẹ̀ sí i ná, kó o tó dẹ̀ ẹ́." Bí kò bá gbọ́, wọ́n á nu epo náà kúrò, wọ́n á fi iná yan nọ́ọ̀tù kó lè fẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá fi agídí yí i, bóòtù á já sínú ihò, iṣẹ́ wákàtí méjì á sì di ti odidi ọjọ́ kan.

Lẹ́yìn náà ló kan gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀: "Fá a, má gbẹ́ ẹ."

Fífá ni ti orí: ohun tó wà lókè nìkan ló ń kúrò. Gbígbẹ́ ni ti agbẹ́gilére: irin-iṣẹ́ ń wọ inú lọ. Ìyàtọ̀ náà lówó lórí. Bí ọmọ iṣẹ́ bá fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ orí ẹ́ńjìnnì tó jẹ́ àlùmíníọ̀mù, ojú rẹ̀ kò ní tẹ́jú mọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun á máa jò, tọ́bò kò ní rí èéfín tó láti yí dáadáa, èéfín olóró sì lè dé ibi tí awakọ̀ jókòó. (Ẹ̀yin tí ẹ ń fi gọ́ọ̀mù sílíkónì dí i, ooru yẹn á jó o dànù.) "Dí ihò yẹn kó o tó fá a" náà wà níbẹ̀: àkísà mímọ́ ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, nítorí èérún kékeré tó bá bọ́ sínú tọ́bò lè ba abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wá fi ìyẹn wé "yọ gásíkẹ́ẹ̀tì, nu ojú irin", bí ògbufọ̀ tí kò dé ṣọ́ọ̀bù rí yóò ṣe kọ ọ́. Kò sí àṣìṣe gírámà nínú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e á ba ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jẹ́.

N kò fọwọ́ rọ́ iṣẹ́ àwọn àgbà sẹ́yìn. Ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 wúlò fún wa títí dòní. Ṣùgbọ́n èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé. A kò rán an sí ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tí mo ń bẹ ẹ̀ka wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀rọ̀-ìṣe ṣọ́ọ̀bù ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, láìjẹ́ pé a ní kó lọ ṣẹ̀dá ogójì orúkọ fún ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo sọ yẹn, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀kan ló kù. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní gbogbo Sátidé, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, kí ẹ wá fi fóònù yín gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.