ÌGBÀGBỌ́ KỌ́ LA FI Ń RA JẸ́SÌ

Ọ̀rọ̀ òní lè ya àwọn kan lẹ́nu. Pásítọ̀ àti họ́kì orí yìnyín, kí ló pa wọ́n pọ̀? Owó yín ni. Owó tí ẹ fi òógùn ojú wá nínú òtútù, tí àwọn oníjìbìtì ń fi ìwé pélébé gbà lọ́wọ́ yín.

Ẹ mọ Jarome Iginla. Adékúnlé wà nínú orúkọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, Edmonton ni wọ́n bí i sí ní 1977. Gólù 525 ló gbá wọlé fún Calgary Flames nìkan. Ní 2002, òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Nígbà tó di 2019, Flames gbé nọ́ńbà 12 rẹ̀ sókè, ẹnikẹ́ni ò tún ní wọ̀ ọ́ mọ́. Nítorí náà, mi ò bá ẹni tó fẹ́ ra jẹ́sì tí ọkùnrin yìí fi làágùn jà. Àwọn kan nínú yín ń pè é ní òrìṣà bíbọ. Ẹ jọ̀ọ́! Fìlà bàbá yín tó wà nínú àpótí, ṣé ẹ ń bọ ọ́ ni?

Ibòmíràn ni ìjà mi wà. Wọ́n á gbé jẹ́sì síwájú yín, wọ́n á ní Iginla wọ̀ ọ́ ṣeré. Ẹ béèrè ẹ̀rí, wọ́n á na sátífíkéètì sí yín, sítíkà tó ń dán á wà lára rẹ̀, inú yín á dùn. Ṣé ẹ ka ohun tó wà níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ sáìnì nìkan ló ń sọ: pé ọwọ́ Iginla ló kọ orúkọ yẹn. Ó lè sáìnì aṣọ tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù lánàá. Sáìnì á jẹ́ òótọ́, aṣọ ò sì tíì fojú kan yìnyín rí. Àwọn míràn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "game-issued". Ìyẹn ni pé wọ́n rán an sílẹ̀ dè é. Ṣé ó wá wọ̀ ọ́? Ìwé ò sọ. Ẹni tí wọ́n se oúnjẹ dè kọ́ ni ẹni tó ti jẹun o.

Arákùnrin kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Jẹ́sì Flames, nọ́ńbà 12, wọ́n ní Iginla wọ̀ ọ́ lórí pápá. Mo wo ẹ̀yìn ọrùn aṣọ, àmì Adidas ni mo rí. Adidas kẹ̀! Oṣù kẹta 2013 ni Iginla kúrò ní Calgary. Los Angeles Kings ló ti ṣeré kẹ́yìn, ní oṣù kẹrin 2017. Sáà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni Adidas gba jẹ́sì NHL ṣe lọ́wọ́ Reebok. Àbí òjìji rẹ̀ ló wọ̀ ọ́? Mo ní kó bi ẹni tó ń tà á. Èsì tó rí gbà ni pé kó ṣáà ní ìgbàgbọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni wọ́n tún fi ń jà wá lólè.

Ara aṣọ gan-an ni ẹ̀rí wà. Họ́kì kì í ṣe eré jẹ́jẹ́. Rọ́bà dúdú tí wọ́n ń gbá máa ń fi àmì sílẹ̀ lára aṣọ, téèpù ẹnu ọ̀pá náà máa ń fi àmì sílẹ̀, ògiri tó yí pápá ká á sì máa ha á. Ibi tó bá ya, ẹni tó ń tọ́jú aṣọ ẹgbẹ́ á rán an, ojú abẹ́rẹ́ yẹn ò sì ní jọ ti aṣọ míràn. Ẹ wo inú ẹ̀yìn aṣọ, okùn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ṣòkòtò, torí wọ́n máa ń jà, kí ẹnìkejì má baà fà á bò wọ́n lójú. Ẹ mú gbogbo àmì yẹn, ẹ fi wé fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣeré: ojú rírán, ibi tí lẹ́tà orúkọ ti wọ́ díẹ̀. Tó bá bára mu, ẹ ti rí nǹkan rà. Ọ̀pá náà ńkọ́? Orúkọ eléré tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ò tó, torí ọ̀pá púpọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ẹnìkan ní sáà kan. Bó ṣe ń wé téèpù ni kí ẹ wò, oníkálukú ló ní tiẹ̀. Ọ̀pá tó mọ́ tónítóní, ibo ló ti ṣiṣẹ́?

Ilé iṣẹ́ bíi MeiGray wà tó ń gba jẹ́sì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fúnra wọn, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ìwé kì í parọ́. Láàárín ọdún 1990 sí 1999 ni FBI bẹ̀rẹ̀ Operation Bullpen ní Amẹ́ríkà, láti mú àwọn tó ń ṣe ayédèrú sáìnì eléré ìdárayá. Ayédèrú náà ní sátífíkéètì tiẹ̀! Ẹni tó mọ sáìnì ẹlẹ́ni ín ṣe, ṣé ìwé títẹ̀ ló máa wá ṣòro fún un?

Ẹ gbọ́ èyí tó dára. Ní 28 September 1972, ní Moscow, Paul Henderson gbá gólù tó jẹ́ kí Kánádà borí Soviet nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá 34. Ní 2010 wọ́n ta jẹ́sì tó wọ̀ lọ́jọ́ náà ní gbàǹjo, ó ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Wọ́n mọ ọjọ́ tó wọ̀ ọ́, wọ́n mọ eré tó fi ṣe, wọ́n sì mọ̀ pé ó fún Joe Sgro tó ń bá ẹgbẹ́ náà ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ta ti Iginla fún yín, kó ka ọwọ́ tó ti kọjá bẹ́ẹ̀, kó dárúkọ ọjọ́ eré, kó fi fọ́tò gidi ránṣẹ́, iwájú, ẹ̀yìn àti inú. Tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó ná, ẹ bulọ́ọ̀kì ẹ̀.