Awakọ̀ Bàálù Tó Rí Ohun Àràmàǹdà, Ẹ Jẹ́ Kó Sọ Ọ́

Lálẹ́, àwọn ará Ọ̀tọ̀ lọ́nà Àgbádárìgì máa ń rí ìmọ́lẹ̀ bàálù tó gbéra ní Ìkẹjà, tó forí lé Accra. Bí awakọ̀ ọ̀kan nínú wọn bá rí ìmọ́lẹ̀ mìíràn níwájú rẹ̀, tí kò sì mọ ohun tó jẹ́, ta ni yóò sọ fún tí kò ní fi í ṣẹ̀sín? Ìbéèrè yìí ṣe kókó ju bóyá àlejò ti inú ayé mìíràn wá lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá ọdún 1986, bàálù akẹ́rù Japan Air Lines kan wà lókè Alaska nígbà tí ọ̀gá awakọ̀ rẹ̀, Kenju Terauchi, ké sí àwọn adarí bàálù pé àwọn ìmọ́lẹ̀ kan ń tẹ̀ lé òun. Àjọ FAA ti Amẹ́ríkà fi ọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ bàálù náà lẹ́nu wò, wọ́n sì tún àkọsílẹ̀ radar yẹ̀ wò. Lọ́dún 1987, wọ́n kéde pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ ni wọ́n ṣe. Àmọ́ iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n gbé Terauchi lọ lẹ́yìn tó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀. Awakọ̀ wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní panu mọ́?

Ọ̀nà tí Ireland gbà sàn jù. Lóṣù kọkànlá ọdún 2018, awakọ̀ British Airways kan bi àwọn adarí bàálù ní Shannon bóyá àwọn ológun ń ṣe ìdánrawò, nítorí ìmọ́lẹ̀ kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù rẹ̀. Awakọ̀ mìíràn ní ó lè jẹ́ òkúta ojú ọ̀run tó ń jóná. Àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú níbẹ̀ ní àwọn yóò wádìí rẹ̀ lábẹ́ àṣírí, bí wọ́n ti ń ṣe fún ìròyìn mìíràn.

Láti ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí àwọn awakọ̀ ròyìn ló já sí sátẹ́láìtì Starlink. Ẹnu àwọn tó sọ ọ́ ló jẹ́ ká mọ̀. Òmíràn lè jẹ́ drone tó ṣìnà wọ ojú ọ̀nà bàálù, ìyẹn sì lè pa èrò.

NSIB ilẹ̀ Nàìjíríà máa ń tẹ àbọ̀ ìwádìí jàm̀bá bàálù jáde. Ó yẹ kí òun àti NCAA ṣe bẹ́ẹ̀ fún irú ìròyìn yìí, kí wọ́n fi orúkọ awakọ̀ pamọ́. Ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ti ń ka ìmọ́lẹ̀ òru sí ti àjẹ́, ẹ̀rù méjì ló ń ba awakọ̀: kí ọ̀gá rẹ̀ má pè é ní aláìsàn, kí ará ilé má gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Ìwé tó yẹ kó kọ kò ju ojú ewé kan lọ: aago tó lù, bí bàálù ti ga tó, ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà ti yọ àti ibi tó gbà lọ.