Kí ìwé ìwádìí tó lọ sí òkè òkun, kí ó kọ́kọ́ padà sí abúlé

Ní ọjọ́rú, nígbà tí ọjà Glazoué bá kún, a máa ń rí wọn láàárín àwọn oníṣu àti àwọn tó ń ta sòyà: àwọn ọ̀dọ́ tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tí wọ́n mú ìwé ìbéèrè tàbí fóònù dání. Wọn a kí ìyá ọlọ́jà, wọn a béèrè iye ọmọ tó bí, ìgbà tí ibà mú wọn kẹ́yìn, irú omi tí wọ́n ń mu, àti bóyá wọ́n sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ní àwọn abúlé kan, wọn a tún gún ọmọ níka, wọn a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn a dúpẹ́, wọn a gun alùpùpù wọn, ó di gbéré. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa ń bi àwa oníròyìn kò yí padà: kí ni wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe? Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún wọn, ibo ló wọlé sí?

Inú ìwé kan ló wọlé sí, ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní fojú rí. Ẹni tó ṣe ìwádìí á jókòó, á kọ ohun tó wá wò sílẹ̀, bí ó ṣe wò ó, ohun tó rí àti ohun tí ó gbà pé ó túmọ̀ sí. Á wá fi ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń gbé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ìlera jáde, irú èyí tí àwọn dókítà, àwọn ìjọba àti Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà. Olóòtú ibẹ̀ á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbé e fún onímọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tí wọn kò lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ náà, kí wọ́n wá àléébù rẹ̀. Wọ́n lè ní kí ó lọ tún un ṣe, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta iṣu mọ̀ ọ́n: oníbàárà tó ti Cotonou wá kì í kó iṣu sínú ọkọ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ìwé náà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, àwọn nǹkan kan wà tó gbọ́dọ̀ fara hàn nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn nínú ìwádìí fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ilẹ̀ Benin ti ní òfin lórí èyí láti ọdún 2010. Ó gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn tí wọ́n bi léèrè gbà tinútinú, kí ó sọ ẹni tó fi owó sí i, kí ó sì to orúkọ àwọn tó kọ ìwé náà. Lórí ọ̀rọ̀ orúkọ, ìgbìmọ̀ àwọn olóòtú ìwé ìṣègùn lágbàáyé, tí ìpàdé wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Vancouver lọ́dún 1978, ti fi ìlànà mẹ́rin lélẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ yóò wà lókè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ gidi nínú ìwádìí náà, kí ó lọ́wọ́ nínú kíkọ rẹ̀ tàbí àtúnṣe rẹ̀, kí ó fọwọ́ sí ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ jáde, kí ó sì gbà láti dáhùn bí ìbéèrè bá dìde. Ẹni tó ṣèrànwọ́ ṣùgbọ́n tí kò dé ojú ìwọ̀n yìí, apá ìdúpẹ́ nísàlẹ̀ ìwé ni wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń bẹnu àtẹ́ lu ìwádìí. Ìwé ìwádìí ń gba ẹ̀mí là, àpẹẹrẹ rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa. Ó wà ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, ní ìpínlẹ̀ Zou tí àwa ará Collines náà jọ wà nínú rẹ̀ títí di ọdún 1999. Oògùn inú àwọ̀n ẹ̀fọn tí a ti ń lò tipẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ran ẹ̀fọn mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n pín àwọn abúlé ibẹ̀ sí ọ̀wọ́ 60, wọ́n sì fún wọn ní irú àwọ̀n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. CREC, ilé ìwádìí kòkòrò tó wà ní Cotonou, àti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó ń kọ́ni nípa ìlera àwùjọ ní London ló jọ ṣe é. Ọdún méjì ni wọ́n fi tọ àwọn ọmọdé lẹ́yìn. Níbi tí wọ́n ti lo irú àwọ̀n àtijọ́, bí a bá kó ọmọ 100 jọ, ibà mú wọn tó ìgbà 103 lọ́dún. Níbi tí wọ́n ti lo àwọ̀n tí wọ́n fi oògùn chlorfenapyr kún, ìgbà 56 péré ni.

Ìwé tó sọ èyí jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023 nínú The Lancet, ìwé ìṣègùn tó ti ń jáde láti ọdún 1823. Ní oṣù kẹta ọdún 2023 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹ̀fọn wọn ti le sí oògùn níyànjú pé kí wọ́n lo àwọ̀n tuntun yìí dípò ti àtijọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Zou àti irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe ní Tanzania ni wọ́n gbé ìpinnu náà lé. Bí èsì náà bá ti wà nínú àpótí, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ ọ́ kí ó sì rán an lọ fún àyẹ̀wò, ta ni ì bá gbọ́? Ìka àwọn ọmọ tí wọ́n gún ní Ouinhi ti di ààbò fún ọmọ tí a kò mọ̀ rí.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, bí wọ́n ṣe ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. A kò sọ pé kò sẹ́ni tó padà lọ sọ èsì fún àwọn ará Ouinhi. Ohun tí a ń sọ ni pé nínú gbogbo ohun tí olóòtú máa ń béèrè kí ó tó gba ìwé, kì í sábà sí ìbéèrè yìí: ṣé ẹ ti sọ ohun tí ẹ rí fún àwọn tó ni ẹ̀jẹ̀? Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè, ó rọrùn láti gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ Ìkéde Helsinki, tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà àgbáyé kọ́kọ́ ṣe lọ́dún 1964 tí wọ́n sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, sọ pé ó yẹ kí ẹni tó kópa nínú ìwádìí ní àǹfààní láti mọ èsì rẹ̀. Ní South Africa, ó sú àwọn ará San pé kí àwọn onímọ̀ máa wá máa lọ. Lọ́dún 2017 wọ́n kọ ìlànà tiwọn, wọ́n sì ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí láàárín àwọn gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún àwọn, kí ó sọ òótọ́, kí ó sì padà wá jíṣẹ́.

Èrò tiwa rèé. Ìwé ìwádìí tí wọ́n bá ti abúlé Collines kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ, kí wọ́n má ṣe fi ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà kankan kí wọ́n tó kọ́kọ́ mú èsì rẹ̀ padà wá sí abúlé náà, ní èdè tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀: Ìdáàṣà, Máhì tàbí Fọn. Ìpàdé kan lábẹ́ igi ti tó. Ojú ìwé kan tí relais tàbí tíṣà lè kà sókè ti tó.

Kì í ṣe nítorí ọ̀wọ̀ nìkan ni a fi sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ á dára sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ọjà wa ṣe àpẹẹrẹ. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èèyàn nípa àwọ̀n ni pé: ṣé o sùn lábẹ́ rẹ̀ lóru àná? Bí ẹnì kan bá wá bi àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìbéèrè yìí ní ọjọ́rú ní Glazoué, púpọ̀ nínú wọn á ní rárá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí ọjà ni ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá sùn lóru ọjọ́ ìṣẹ́gun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù rẹ̀, kò sì síbi tí yóò so àwọ̀n kọ́. Ẹni tí kò mọ èyí á kọ ọ́ pé àwọn obìnrin Glazoué kò fẹ́ràn àwọ̀n ẹ̀fọn. Olóòtú ìlú òkèèrè kò lè rí àṣìṣe náà, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n gbé e fún kò lè rí i. Ìyá tó ń ta gààrí á rí i kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Bí wọn kò bá bi í, ìjọba á kà á nínú ìwé pé ẹ̀kọ́ ló kù kí wọ́n kọ́ wa, nígbà tó jẹ́ pé ibi ìsùn tó dára ní ọjà la nílò.

A mọ ohun tí àwọn olùṣèwádìí máa fi dáhùn. Àwọn kan á ní ìwé àtìgbàdégbà kì í fẹ́ kí èsì jáde kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀tọ̀ ni kí a sọ kókó ọ̀rọ̀ fún àwọn tó kópa, ọ̀tọ̀ ni kí a gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó kọ lẹ́tà sí olóòtú kí ó bèèrè. Àwọn mìíràn á ní kò sówó ìrìnnà. Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, pàápàá fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó tó gbé wọn wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, kí wọ́n ṣírò irú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fún ìpadàbọ̀. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn onímọ̀ ìlera, láti Parakou dé Ouidah, lè sọ ọ́ di dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó gbàwé ẹ̀rí.

Ti ìdúpẹ́ náà kù. Relais tó mú wọn láti ilé dé ilé, tó túmọ̀ èdè, tó bẹ àwọn ìyá pé kí wọ́n má bẹ̀rù abẹ́rẹ́, bí ó bá gbà kí wọ́n dárúkọ òun, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa náà ní iṣẹ́ tiyín. Ẹ má ṣe lé olùṣèwádìí. Ẹ ti rí ohun tí iṣẹ́ wọn ṣe ní Zou. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó na ìka ọmọ yín, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta níwájú olórí abúlé: ìgbìmọ̀ wo ló fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ? Ọjọ́ wo lo máa padà wá sọ ohun tó o rí fún wa? Èdè wo lo máa fi sọ ọ́? Kí olórí abúlé kọ ìdáhùn náà sínú ìwé tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà fóònù. Bí ọjọ́ náà bá kọjá tí a kò rí ẹnikẹ́ni, kí ó pè é.