Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kì í Ṣe Oògùn

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn ló ń wòran. Ìyá tó bí asínwín kì í rẹ́rìn-ín. Bí aráyé ti ń wòran, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ilẹ̀ Nàìjíríà wòran fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní ọdún 1904 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì dá ilé àwọn asínwín sílẹ̀ ní Kàlàbá, wọ́n sì dá ti Yábàá ní Èkó sílẹ̀ ní 1907. Ilé ìtọ́jú ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí dókítà tó kọ́ṣẹ́ àrùn ọpọlọ níbẹ̀. Kí asínwín má ṣe rìn ní ìgboro ni ìjọba ń wá. Ní 1916 ni wọ́n ṣe Òfin Wèrè, èyí tó fún adájọ́ májísíréètì ní agbára láti rán ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ sí àhámọ́ náà. Bí a ó ṣe mú ènìyàn àti bí a ó ṣe tì í mọ́lé ni òfin yìí tẹnu mọ́. Ẹ̀tọ́ aláìsàn kò jẹ ẹ́ lógún. Àrùn di ẹ̀ṣẹ̀, aláìsàn di ẹlẹ́wọ̀n.

Ilẹ̀ Yorùbá kan náà ni ọ̀nà mìíràn ti là. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aró, ní Abẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàrin ará abúlé, ìbátan wọn ń bá wọn gbé, wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Aró di àwòkọ́ṣe fún ayé, síbẹ̀ òfin àtijọ́ kò yí padà. Ní 2003 ni wọ́n gbé àbá òfin tuntun lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà. Ó di oṣù kìíní ọdún 2023 kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ. Òfin yìí ka aláìsàn sí ènìyàn: ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí àìsàn rẹ̀ fi ẹ̀tọ́ dù ú.

Ṣùgbọ́n ìwé òfin nìkan kò lè tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch tẹ ìwádìí jáde lórí ibùdó 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Wọ́n bá àwọn ènìyàn nínú ìdè ní ilé ìwòsàn ìjọba, ní ọ̀dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ní ibùdó àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú. Èyí ló yẹ kó dun Mùsùlùmí jù. Òfin Ìsìláàmù ti là á sílẹ̀ tipẹ́ pé a ti gbé kálámù kúrò lórí asínwín títí iyè rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Ẹni tí Ọlọ́hun kò ka ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn, ta ni áfáà tí yóò fi ẹ̀wọ̀n dè é? Ní Kairo, ní 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá tó ní àyè fún àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Ìtọ́jú kì í ṣe àṣà àjèjì sí Mùsùlùmí.

Àwọn kan yóò béèrè pé, bí asínwín bá gbé àdá, kí ni kí ẹbí ṣe? Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n dídá ènìyàn dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó má baà ṣe ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn léṣe yàtọ̀ sí dídè é mọ́lẹ̀ fún oṣù tàbí ọdún. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé ilé ìwòsàn ọpọlọ kò pọ̀, owó ìtọ́jú sì wọ́n. Ìdí nìyí tí ẹ̀bi náà kò fi jẹ́ ti ẹbí nìkan: ìjọba tó ṣòfin tí kò fi owó tì í, ìran ló ṣì ń wò.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí. Bí wọ́n bá gbé aláìsàn wá sí mọ́sáláṣí, kí àdúà máa lọ, kí wọ́n sì bá ẹbí rẹ̀ wá ọ̀nà ilé ìwòsàn láìjáfara. Kí wọ́n má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni pe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní rúkíyà. Kí wọ́n sì bi àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wọn léèrè ohun tí wọ́n ti ṣe kí òfin 2023 lè dé ọ̀dọ̀ ará abúlé.

Kí Ọlọ́hun wo àwọn aláìsàn sàn, kí Ó sì fi àánú sí ọkàn àwọn tó ń tọ́jú wọn. Àmín.